Ìbéèrè Mẹ́jọ Lórí Ẹ̀kọ́ Ohun Alààyè: Ọ̀ràn Ẹ̀jẹ̀ Onídòjé

Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa sì ń tú ìwé ẹ̀kọ́ ohun alààyè wò tọ̀sán-tòru. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, apá mẹ́ta ni ó máa ń dẹ́rù ba àwa akẹ́kọ̀ọ́ jùlọ. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ìjogún, èyí tí ó ń sọ bí ohun tí ó wà lára òbí ti ń di ti ọmọ. Èkejì ni ẹ̀kọ́ nípa bí irú àwọn ẹ̀dá alààyè ti ń yí padà láti ìran dé ìran. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ń ṣe. A máa ń kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì máa ń há wọn sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé wọn kò bára tan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọjà kan náà ni wọ́n wọ̀.

Kí èyí lè hàn kedere, a ti yan ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé wá, a sì ti bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́jọ lórí rẹ̀. Ohun náà ni àìsàn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní foníkú-fọ̀ladìde, tí àwọn oníṣègùn sì fi orúkọ dòjé, irin ìkórè nì, pè. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé nínú 100 ènìyàn ní Nàìjíríà, nǹkan bí 24 ni ó ru àbùdá rẹ̀ láìṣàìsàn, àti pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí, nǹkan bí 20 ni ó bá àìsàn náà wá sáyé. Èyí tó 150,000 ọmọ lọ́dún kan. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ayé tí ẹrù yìí wúwo lórí rẹ̀ tó tiwa. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó nínú kíláàsì tí a ó fi lé wa lọ́wọ́; nítorí náà ìdáhùn tí a fẹ́ wá yìí ju ti ìdánwò lọ.

Ìbéèrè Kínní. Kí ni iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, báwo ni ó sì ṣe ń di dòjé?

Bí a bá kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí dígí, tí a sì fi máíkíróskópù, awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, wò ó, a ó rí àìmọye sẹ́ẹ̀lì pupa. Wọ́n rí roboto, àárín wọn sì tẹ̀ wọnú bí àwo ìjẹun. Iṣẹ́ wọn ni láti ru afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ohun tí wọ́n fi ń rù ú ni purotéènì pupa kan tí a ń pè ní hẹmoglóbìn. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó pé a máa wà láàyè fún nǹkan bí 120 ọjọ́; a sì máa rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè fún ara rẹ̀ kọjá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ni ó para pọ̀ di hẹmoglóbìn kan: méjì jẹ́ irú kan, méjì jẹ́ irú mìíràn tí a ń pè ní bẹ́tà. Ẹ̀wọ̀n bẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní oríkèé 146. Oríkèé kẹfà ni ọ̀ràn wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó pé, glutamic acid ni ó wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ onídòjé, valine ni ó gba ipò rẹ̀. Oríkèé kan péré nínú 146! Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní ìwé Yorùbá mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo lórí lẹ́tà kan ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyípadà kékeré yìí ti sọ hẹmoglóbìn kan di òmíràn.

Nígbà tí ọ́síjìn bá wà lára rẹ̀, hẹmoglóbìn tí ó yí padà yìí a máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti gbé ọ́síjìn náà fún ara tán, a máa lẹ̀ mọ́ irú rẹ̀. Wọn a so mọ́ra di okùn gígùn líle nínú sẹ́ẹ̀lì, okùn náà a sì na sẹ́ẹ̀lì gbọọrọ, a tẹ̀ ẹ́ bí dòjé. Oníṣègùn James Herrick, ní ìlú Chicago, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú sẹ́ẹ̀lì yìí ní ọdún 1910, nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn ni àléébù náà wà. Ní ọdún 1956 àti 1957 ni Vernon Ingram fi hàn pé ìyípadà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin méjèèjì.

Ìbéèrè Kejì. Èéṣe tí ara fi ń ro aláìsàn náà, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó?

Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di dòjé kò lè rọ̀ mọ́. Bí ó bá dé ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti tín-ín-rín, a há síbẹ̀. Èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn a sì há lé e, bí pàǹtí ti í há sí ẹnu gọ́tà nígbà òjò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, ọ́síjìn kò dé ibẹ̀, ibi tí ọ́síjìn kò bá sì dé a máa ro aláìsàn gidigidi. Lára ọmọ ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wú. Lára ẹni tí ó ti dàgbà díẹ̀, ẹ̀yìn, àyà, itan àti oríkèé ni. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń pè é ní arọmọléegun. Òtútù, àìmu omi tó, àárẹ̀ àti ibà ni ó sábà máa ń ru ìrora náà sókè. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀, aláìsàn a dìde, a rẹ́rìn-ín, a sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Láti inú èyí ni orúkọ foníkú-fọ̀ladìde ti wá.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, sẹ́ẹ̀lì onídòjé kì í pẹ́ láyé. Dípò 120 ọjọ́, nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20 ni ó ń lò kí ó tó fọ́. Mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, a máa sáré títí, ṣùgbọ́n kò lè bá ìfọ́ náà dọ́gba. Ohun tí ó sì ń jáde láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó fọ́ ni ó ń sọ ẹyinjú di pípọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú.

Ohun kan tún wà tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìhà òsì ikùn, lábẹ́ egungun ìhà, ẹ̀yà ara kan wà tí í sẹ́ kòkòrò àìsàn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onídòjé a máa dí i, a sì bà á jẹ́ láti ìgbà èwe. Nítorí náà ni kòkòrò tí ọmọ mìíràn lè borí fi lè pa ọmọ yìí láàrin ọjọ́ kan. Ní ọdún 1986 ni a tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó fi hàn pé penisilíìnì lójoojúmọ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́ a máa dá irú ikú bẹ́ẹ̀ dúró. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni!

Ìbéèrè Kẹta. Èéṣe tí ọmọ náà fi ń dára títí di bí oṣù mẹ́fà?

Nígbà tí ọmọ bá wà nínú oyún, hẹmoglóbìn mìíràn ni ó ń lò, èyí tí kò ní ẹ̀wọ̀n bẹ́tà nínú rárá. Bí kò bá sí ẹ̀wọ̀n bẹ́tà, àléébù inú rẹ̀ kò lè hàn. Lẹ́yìn ìbí ni hẹmoglóbìn ti àgbà ń gba ipò ti inú oyún díẹ̀díẹ̀, tí ó fi di pé ní bí oṣù mẹ́fà, ti àgbà ti gbilẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ onídòjé ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé. Ọmọ náà sanra, ó tò, gbogbo ará ilé ń gbé e jó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni ọwọ́ rẹ̀ wú, tí ibà sì gbé e dè. Àwọn ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, ‘Ta ni ó wá kí ìyá ọmọ? Ta ni ó fún un ní oúnjẹ?’ Wọ́n ń wá ọ̀tá tí ó dé lẹ́yìn ìbí, bẹ́ẹ̀ ni ohun náà ti wà nínú ọmọ láti ọjọ́ tí a ti lóyún rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fi ìdáhùn yìí ṣe oògùn. Hydroxyurea, tí a ti ń lò fún àìsàn yìí láti òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá, a máa jí hẹmoglóbìn ti inú oyún dìde padà. Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan tí a fi ń tún inú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ṣe, kí hẹmoglóbìn ti inú oyún náà lè máa ṣàn títí lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn sí tálákà.

Ìbéèrè Kẹrin. Láti ọ̀dọ̀ ta ni ó ti wá: bàbá ni tàbí ìyá?

Mẹ́ńbà ilé àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà kan ní ìlú Brno, Gregor Mendel, ni ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ìdáhùn yìí. Ó gbin irú ẹ̀wà kan tí í hù ní ilẹ̀ Yúróòpù sínú ọgbà, ó ń ka ohun tí ó hù níkọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1866. Ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di ọdún 1900. Ohun tí ó rí ni pé méjì-méjì ni àwọn ohun ìjogún wà lára wa, àwọn tí a ń pè ní jíìnì lónìí: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí òbí bá sì ń fún ọmọ, ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀ ni ó ń fún un, kò sì lè yan èyí tí yóò lọ.

Jíìnì ẹ̀wọ̀n bẹ́tà wà lórí krómósómù kọkànlá. Èyí tí ó pé ni a ń fi lẹ́tà A kọ. Ti onídòjé ni S. Ẹni tí ó gba A lápá méjèèjì jẹ́ AA. Ẹni tí ó gba A àti S jẹ́ AS: kì í ṣe aláìsàn, nítorí pé A tí ó ní tó fún un, ṣùgbọ́n ó lè fi S fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó gba S lápá méjèèjì ni SS, òun ni ó ń ṣàìsàn. Láàrin àwa Yorùbá, lẹ́tà kẹta tún wà, èyí tí í ṣe C. Oríkèé kẹfà kan náà ni òun pẹ̀lú yí padà, ṣùgbọ́n lysine ni ó bọ́ síbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn odò Ọya, ó sì ṣọ̀wọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba S láti apá kan àti C láti apá kejì a máa ṣàìsàn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà le tó ti SS.

Nítorí náà, ìdáhùn rẹ̀ ni pé láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni, ní ọgbọọgba. Kò sí bí ìyá nìkan ti lè bí SS. Síbẹ̀ ìyá ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀bi náà ti máa ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ọkọ jẹ́ AS, ìyàwó jẹ́ AS. Ọmọ wọn méjì kú. Wọ́n lé ìyàwó náà, ọkọ sì fẹ́ ẹlòmíràn. Bí ẹni tuntun yìí bá jẹ́ AA, kò sí ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ tí yóò jẹ́ SS láéláé. Àwọn ọmọ yè, ayé sì wí pé, ‘Ẹ kò rí i báyìí? Obìnrin àkọ́kọ́ nì ni ó ń pa wọ́n.’ Ojú gbogbo ènìyàn ni ó rí ẹ̀rí náà, síbẹ̀ irọ́ ni. Bí a bá fi obìnrin àkọ́kọ́ fún ọkọ tí ó jẹ́ AA, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà kò ní jẹ́ SS. Ìṣirò lásán ni ó wà níbẹ̀; àìmọ̀ ọ́n sì ti tú ilé púpọ̀.

Ìbéèrè Karùn-ún. Bí a bá wí pé ‘ọ̀kan nínú mẹ́rin’, ṣé ọmọ kẹrin ni ó túmọ̀ sí?

Rárá o. Ẹ mú agolo méjì, ẹ fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agolo kan ni bàbá, èkejì ni ìyá. Funfun ni A, pupa ni S. Ẹ di ojú ọmọ kan, kí ó mú ẹ̀wà kan láti inú agolo kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tí ó mú sílẹ̀, kí ẹ sì dá ẹ̀wà padà kí ó tó tún mú. Bí ẹ bá ṣe èyí ní 100 ìgbà, ẹ ó rí i pé funfun-funfun tó bí 25, funfun-pupa tó bí 50, pupa-pupa tó bí 25. Ṣùgbọ́n pupa-pupa lè jáde ní ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tún lè jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn, nítorí pé ẹ̀wà kò rántí ohun tí a ti mú tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí tọkọtaya AS bá bí ọmọ mẹ́rin, báwo ni ó ti rọrùn tó kí wọ́n má bí SS rárá? A ó sọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, yóò sì di 81 nínú 256. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ 100, bí 32 yóò bọ́, bí 68 yóò sì bí ó kéré tán ọ̀kan. Èyí ni ó ń fa àríyànjiyàn. Ẹnìkan a ní, ‘AS ni èmi àti ìyàwó mi, ọmọ wa mẹ́rin sì yè.’ Òótọ́ ni ó sọ. Ara àwọn 32 ni ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó kò lè mọ ẹgbẹ́ tí òun yóò bọ́ sí.

Ìbéèrè Kẹfà. Bí S bá ń pa ọmọ, èéṣe tí kò fi parẹ́ láyé?

Ìbéèrè yìí ni ó dùn mọ́ wa jùlọ. Ní ọdún 1859, Charles Darwin kọ́ ayé pé àbùdá tí ó ń ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti yè àti láti bímọ yóò máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, èyí tí ó sì ń pa ẹ̀dá kí ó tó bímọ yóò máa dínkù. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ SS kì í dàgbà débi àtibímọ. Ó yẹ kí S ti run. Ẹ̀wẹ̀, ó wà lára ìdá mẹ́rin àwọn ènìyàn wa. Báwo ni?

Ẹ̀fọn ni ìdáhùn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ bí ẹ̀fọn ti ń pọ̀ tó nígbà òjò. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ni. Irú ẹ̀fọn tí ń gbé kòkòrò ibà kiri a máa yé ẹyin sínú omi òjò tí ó dá rogún sí ibi tí oòrùn ń ta sí, ìbáà ṣe ojú ẹsẹ̀ màlúù lásán. Bí ó bá jẹ ènìyàn, kòkòrò ibà a gba inú ẹ̀dọ̀ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì pupa, a sì máa bí sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó jẹ́ AS, sẹ́ẹ̀lì náà a tètè di dòjé, ara a sì gbé e mì pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá sì kéré, kòkòrò náà kò lè dàgbà dáadáa nínú rẹ̀. Ibà lè mú ọmọ AS gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú ọmọ gbogbo, ṣùgbọ́n ibà líle tí ń pani a máa yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ní bí ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Anthony Allison ni ó fi èyí hàn ní ọdún 1954, lẹ́yìn ìwádìí ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ẹ wò ó bí òṣùwọ̀n. AA ń kú nípa ibà, A sì ń dínkù. SS ń kú nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, S sì ń dínkù. AS, tí ó ru méjèèjì, ni ó ń yè, ó sì ń fi méjèèjì lé ọmọ lọ́wọ́. Nítorí náà ni òṣùwọ̀n náà fi dúró. Ẹ fi ìṣirò dán an wò. Ká ní nínú 1,000 ọmọ tuntun, 240 jẹ́ AS, 20 jẹ́ SS, ìyókù jẹ́ AA. Jíìnì 2,000 ni gbogbo wọn ní. S inú rẹ̀ jẹ́ 240 àti ìlọ́po méjì 20, àpapọ̀ 280, èyí tí í ṣe 14 nínú 100. Bí ẹ bá sọ 14 nínú 100 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ó rí bí 2 nínú 100, iye SS gan-an tí a sọ níbẹ̀rẹ̀! Òfin yìí ni Hardy àti Weinberg rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1908.

Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1958, Frank Livingstone sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó là á sílẹ̀: bí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣán igbó, tí oòrùn ń wọlé, tí omi ń dá rogún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn rí ilé gbé, tí S sì di èrè. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, ka ìtàn tí ó wà nínú jíìnì àwọn ènìyàn púpọ̀. Wọ́n sì rò pé lára ọmọ kan ṣoṣo ni S tí ó wà káàkiri lónìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ní omi àti koríko.

A kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ara mọ̀ pé ibà ń bọ̀, ó sì yí padà láti bá a jà. Ìyípadà náà ṣèèṣì ni. Ibà ni ó wá yàn án lẹ́yìn náà. Ibi tí a bá wà ni ó sì ń sọ iye ohun tí a jogún. Àwọn arákùnrin wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ru S lọ. A ti ṣẹ́gun ibà níbẹ̀ láti ọdún 1951, AS láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì jẹ́ bí ẹnìkan nínú 13. Ohun tí ó jẹ́ èrè lẹ́bàá Ọ̀ṣun di gbèsè lásán ní Chicago.

Ìbéèrè Keje. Ṣé ẹ̀jẹ̀ onídòjé ni gbogbo àbíkú?

Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ti yára jù. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ onídòjé jọ ìtàn àbíkú púpọ̀: inú ilé kan náà ni ikú ń padà sí, ọmọ ń dára kí ó tó ṣubú, ó ń kú lónìí ó ń jí lọ́la. Nínú orúkọ Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó àti Rótìmí, a ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òbí tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àti àìjẹunre-kánú pa ọmọ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níhìn-ín. Láàrin ọdún 1956 sí 1961, oníṣègùn David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, ìyá ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà àti ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ ni ó fi kún un, ikú ọmọdé sì dínkù gidigidi níbẹ̀. Àṣà káàdì yìí tàn láti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí gbogbo àbíkú bá jẹ́ SS ni, káàdì àti oògùn ibà kì bá tí mú àyípadà tó bẹ́ẹ̀ wá. Onímọ̀ tòótọ́ kì í fi ìdí kan ṣoṣo ṣàlàyé ohun tí ó ní ìdí púpọ̀.

Ìbéèrè Kẹjọ. Kí ni èyí kan olùkọ́?

Ó kàn án láti òwúrọ̀ tí a bá ti ń pe orúkọ. Ọmọ kan wà tí kì í wá ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, kò dàgbà tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí a tó mú ẹgba, ẹ jẹ́ kí a pe òbí rẹ̀, kí a sì béèrè. Kí a jẹ́ kí ó mu omi nígbàkígbà. Kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró, nítorí náà bí ó bá ń jáde lọ tọ̀ léraléra, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Kí a má ṣe rán an sínú òjò, kí a má sì fi ipá mú un sáré ìje. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó sì máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí pé AS nìkan ni S ń dáàbò bò. Bí ibà bá mú SS, ewu rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má ṣe gbà kí ọmọ mìíràn pè é ní àbíkú. Orí rẹ̀ pé, ó lè kàwé, ó sì lè di olùkọ́ bí àwa náà.

Ó kan àwa fúnra wa pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kò tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa ni kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ẹni tí ó ti san owó orí, tí ó ti pe ẹbí, tí ó sì ti rán aṣọ, kò rọrùn fún un láti padà. Kí àyẹ̀wò ṣáájú ìfẹ́ ni ó yẹ. Ìwé náà kì í ṣe ìdájọ́. AS kò dẹ́ṣẹ̀, SS kò sì jẹ́ ẹni ègún; ohun tí àwọn baba ńlá wa fi la ibà já ni wọ́n jogún.

Kí a tó dágbére, a fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdánrawò. Èkíní: bí ọkọ bá jẹ́ AC tí ìyàwó sì jẹ́ AS, irú ọmọ mẹ́rin wo ni wọ́n lè bí, èwo nínú wọn ni yóò sì ṣàìsàn? Èkejì: ní ìlú kan, 10 nínú 1,000 ọmọ tuntun ni SS, mélòó ni a ó retí pé ó jẹ́ AS? Ẹ̀kẹta: bí a bá lé ibà kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun pátápátá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí S láàrin àwọn ọmọ-ọmọ wa, èéṣe tí kò sì ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan? Kí ẹni tí ó bá ti rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnìkan nílé ní àkókò ìsinmi, ní èdè tí ìyá àgbà lè gbọ́.